₦850,000, fóònù mẹ́ta, iṣẹ́ aṣaralóge: èwo ni ká rà?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣaralóge ni mí ní Òde Oǹdó. Mo ń kun ojú ìyàwó, mo ń wé gèlè, fídíò tí mo ń gbé sórí Instagram àti TikTok ló sì ń mú oníbàárà wá fún mi jù. Fóònù Android tí mo ń lò ti gbó. Mo ti kó ₦850,000 jọ. Àbúrò mi ní iPhone 13 Pro Max ni kí n rà. Ọkọ mi ní bátìrì iPhone kì í pẹ́, Galaxy S23 Ultra ni òun fara mọ́, àbúrò mi sì ní Samsung máa ń gbóná, ó máa ń hàǹgì. Ọmọkùnrin tó ń ta fóònù ní Àkúrẹ́ tún ní Pixel 8 Pro ló mọ àwọ̀ èèyàn dúdú yà jù. Síìmù méjì ni mo ń lò, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún báǹkì. Bí mo bá lọ ṣe ìyàwó ní Ilé-Olújì tàbí Ọ̀rẹ̀, ó lè tó wákàtí mẹ́wàá kí n tó rí ibi tí màá ti fi fóònù síná. Èwo ni kí n rà?”

Ẹ kú iṣẹ́ náà, ẹ sì kú ìfowópamọ́. Àwọn mẹ́ta tó gbà yín nímọ̀ràn yìí ò purọ́. Ibi tí kálukú kọjú sí ló yàtọ̀. Àbúrò yín ń wo fídíò, ọkọ yín ń wo bátìrì, ọmọ tó ń ta fóònù ń wo fọ́tò, ó sì ṣeé ṣe kó máa wo ọjà tó ti pẹ́ lórí àtẹ rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mẹ́nu bà ni pé tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà. iPhone 13 Pro Max jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Galaxy S23 Ultra ní oṣù kejì ọdún 2023, Pixel 8 Pro ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 kan náà. Ẹnì kan ti lò ó, ó ti jábọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, bóyá ẹnì kan ti tú u rí, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín iPhone 13 Pro Max méjì lórí tábìlì kan ṣoṣo lè ju èyí tó wà láàárín iPhone àti Samsung lọ. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ fi yan irú fóònù; ojú yín ni kí ẹ fi yan ẹyọ tí ẹ máa sanwó lé lórí. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, ibẹ̀ náà ni owó máa ń bá lọ.

Ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kámẹ́rà, torí inú rẹ̀ ni àsọdùn pọ̀ sí jù. Ẹ óò gbọ́ pé kámẹ́rà ńlá S23 Ultra jẹ́ 200 megapixel (iye mílíọ̀nù ojú kéékèèké tó ń kó ìmọ́lẹ̀), ti Pixel 8 Pro jẹ́ 50, ti iPhone 13 Pro Max jẹ́ 12 péré. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé Samsung fi ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ju iPhone lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ bá kàn ṣí kámẹ́rà tí ẹ sì yàwòrán, Samsung á so ojú kéékèèké mẹ́rìndínlógún pọ̀ di ẹyọ kan kí ó lè rí ìmọ́lẹ̀ kó, àwòrán tó máa gbé fún yín á já sí nǹkan bíi 12 megapixel. Pixel á so mẹ́rin mẹ́rin pọ̀, òun náà á bọ́ sí nǹkan bíi 12. Ìyẹn ni pé nínú gbọ̀ngán àríyá, àwòrán tó tóbi bákan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fún yín. Odidi 200 yẹn wúlò lójú oòrùn, fún ẹni tó fẹ́ tẹ àwòrán sára pátákó ńlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni zoom 100x tí wọ́n máa ń fi polówó: ẹni tó bá ń ya òkè Ìdànrè láti ìsàlẹ̀ lè rí i lò, ẹni tó ń ya ìpéǹpéjú ìyàwó ò nílò rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí fóònù ń ṣe sí àwòrán lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì. Ọmọ tó ń ta fóònù yẹn ò parọ́ lórí Pixel. Láti ọdún 2021, lórí Pixel 6, ni Google ti fi ohun tí wọ́n ń pè ní Real Tone sínú kámẹ́rà wọn, kí aláwọ̀ dúdú má baà máa funfun tàbí rí bí ẹni tó yan nínú àwòrán. Nínú fọ́tò, Pixel 8 Pro ló máa ń sún mọ́ àwọ̀ ara gan-an jù láìjẹ́ pé ẹ yí nǹkan kan. Samsung fẹ́ràn láti tan ìmọ́lẹ̀ sójú èèyàn, ó sì ń dán awọ ara, pàápàá lórí kámẹ́rà iwájú. Fún ẹni tó ń ya selfie, ẹ̀bùn ni. Fún aṣaralóge, wàhálà ni, torí pé ìpara tí ẹ fara balẹ̀ pò kí ojú lè bá ọrùn mu á wá yàtọ̀ nínú àwòrán, oníbàárà á rò pé ẹ̀yin ni ẹ ò mọ àwọ̀ ọ́n yàn. Bí Samsung bá ni ẹ rà, ẹ pa Scene optimizer nínú settings kámẹ́rà rẹ̀, ẹ sì wá ibi tí wọ́n kọ Smoothness sí lórí kámẹ́rà iwájú, kí ẹ dá a padà sí òdo. iPhone wà láàárín àwọn méjèèjì. Láti orí iPhone 13 ni wọ́n ti fi Photographic Styles sí i, èyí tí ẹ lè tò lẹ́ẹ̀kan kó máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Rich Contrast máa ń jẹ́ kí dúdú jinlẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa ṣe é pé nínú wọn bí ẹ bá fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún un láti pinnu. Fóònù ń wá ìdọ́gba láàárín ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn. Bí ẹ̀yìn ìyàwó bá ṣókùnkùn, á tan gbogbo àwòrán sókè, ojú á funfun bí ẹni tó kun ẹfun. Bí gèlè bá ń dán, tó jẹ́ fàdákà tàbí funfun, á rẹ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ojú á ṣú. Ẹ fìka tẹ ojú ìyàwó lórí skírìnì, kí ẹ má gbé ìka náà kúrò títí AE/AF LOCK yóò fi yọ lórí iPhone, tàbí àmì àgádágodo lórí Samsung. Lẹ́yìn náà, ẹ fa àmì oòrùn kékeré náà sísàlẹ̀ díẹ̀ títí àwọ̀ ara fi máa rí bí ẹ ṣe ń rí i lójú. Láti ìgbà yẹn, bó bá tilẹ̀ yírí, ìmọ́lẹ̀ ò ní máa lọ sókè sódò mọ́.

Lórí fídíò ni àbúrò yín ti jàre. Lóòótọ́, Samsung àti Pixel náà ń ya fídíò tó dára, ṣùgbọ́n iPhone ni kì í sábà yí àwọ̀ padà lágbedeméjì, tí fídíò rẹ̀ sì máa ń dé orí Instagram láìpàdánù púpọ̀. Bí ẹ bá ń ya nǹkan látinú Instagram fúnra rẹ̀, ìyàtọ̀ yìí á hàn kedere. Lórí Android, ẹ fi kámẹ́rà fóònù yà á tán kí ẹ tó gbé e wọlé, ìyàtọ̀ náà á dín kù gidigidi. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn oníṣẹ́ yín mọ̀ dáadáa: ọ̀pọ̀ ìyàwó àti ọ̀rẹ́ ìyàwó ló ń lo iPhone, wọ́n á ní kí ẹ fi AirDrop (ọ̀nà tí iPhone fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí iPhone tó wà nítòsí) sọ fídíò sí wọn kí wọ́n tó kúrò nínú yàrá. Ẹni tó ń lo Android á gba WhatsApp lọ, WhatsApp á sì fún fídíò náà pọ̀ títí á fi rẹ̀, àfi kí ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document.

Àwọn àtúnṣe kan wà tó yẹ kí ẹ ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá ra iPhone, torí pé bó ṣe ń ti ilé iṣẹ́ wá kò bá ilẹ̀ wa mu. Iná tiwa ń tàn, ó sì ń rẹ̀, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú èèyàn ò rí i, kámẹ́rà rí i. Fídíò ń ya àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yẹn, 30 ò sì pín 100 dọ́gba, ìdí nìyí tí ìlà dúdú fi máa ń rìn lójú fídíò lábẹ́ gílóòbù olówó pọ́ọ́kú. 25 pín in dọ́gba. Ẹ lọ sí Settings, Camera, Record Video, ẹ tan Show PAL Formats, kí ẹ sì yan 1080p HD ní 25 fps (àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan). Lórí Samsung, ẹ wọ Pro Video, kí ẹ fi shutter (bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí 1/50 tàbí 1/100. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣe ségesège ló ń gbé iná gbọ̀ngán, kò sí settings tó lè wò ó sàn pátápátá. Níbi Record Video yẹn kan náà lórí iPhone, ẹ pa HDR Video. Lójú iPhone, HDR máa ń dán bí ọjọ́, ṣùgbọ́n tó bá dé orí fóònù oníbàárà tàbí WhatsApp, á ṣá, á funfun, ẹ̀yin á sì máa bẹ̀rù pé kámẹ́rà ti bàjẹ́.

Ààyè ìpamọ́ wá tẹ̀ lé e. Gẹ́gẹ́ bí Apple ṣe kọ ọ́ sínú fóònù fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú kan fídíò 1080p ní 30 fps jẹ́ nǹkan bíi 60MB, 4K ní 30 fps jẹ́ 170MB, 4K ní 60 fps jẹ́ 400MB. Bí gbogbo ohun tí ẹ yà lọ́jọ́ ìgbéyàwó kan bá jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú, 2.4GB ni lórí èyí àkọ́kọ́, 16GB ni lórí èyí ìkẹyìn. Ìgbéyàwó mẹ́rin ní 4K 60, ẹ ti jẹ ìdajì fóònù 128GB. Fídíò Instagram ò sì ju 1080 lọ, nítorí náà 4K ò wúlò àfi ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gé ojú tàbí ètè nìkan jáde kó tóbi. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń gba memory card. S23 Ultra ò ní 128GB rárá, 256GB ló ti bẹ̀rẹ̀. iPhone 13 Pro Max àti Pixel 8 Pro ní 128GB. Ẹ má ra 128GB, bí ó ti wù kó dán tó.

Ó kan bátìrì tí ọkọ yín ń sọ. Òótọ́ ni nígbà kan. iPhone X ò ní ju 2,716 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà) lọ, iPhone 12 mini ní 2,227. Ẹni tó bá lo irú wọn ò ní gbàgbé. 13 Pro Max ní 4,352 mAh, ó sì wà lára àwọn iPhone tí bátìrì wọn ń pẹ́ jù lọ. S23 Ultra ní 5,000, Pixel 8 Pro ní 5,050. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tan yín jẹ níbí náà, torí pé iye tí èròjà inú fóònù ń mu ló ń sọ bí bátìrì ṣe máa pẹ́ tó. Pixel ló ní bátìrì tó tóbi jù, òun náà ló sì ń gbóná, tó ń tètè jẹ bátìrì jù nínú wọn, pàápàá níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń fà, irú èyí tí ẹ máa ń bá pàdé lọ́nà Ọ̀rẹ̀. Ní tuntun, Samsung àti iPhone jọ ń sá bákan náà ni. Ṣùgbọ́n tuntun kọ́ ni ẹ ń rà. Bí Battery Health iPhone (iye tí bátìrì ṣì lè gbà nínú ti tuntun) bá ti wà ní 80%, 3,480 mAh péré ló kù níbẹ̀, wákàtí mẹ́wàá tí ẹ ń sọ yẹn ò ní pé mọ́ bí ẹ bá ń ya fídíò. Àwọn iPhone tó ṣáájú iPhone 15, Apple ṣe bátìrì wọn kó lè wà ní 80% lẹ́yìn ìgbà 500 tí wọ́n bá ti gba iná yípo tán, ẹni tó bá ń lo fóònù kíkankíkan sì lè parí ìyẹn láàárín ọdún méjì. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín pé ó ṣeé ṣe kí ẹ pààrọ̀ bátìrì.

Èyí ò yọ power bank kúrò, èyíkéyìí tí ẹ bá rà. Power bank 10,000 mAh kì í fún fóònù ní 10,000. Bí power bank ṣe ń yí agbára iná padà kó tó dé inú fóònù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ń ṣòfò. Ohun tó máa dé inú fóònù yín á tó kíkún ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ fún iPhone yìí, díẹ̀ ló fi dín sí ìyẹn fún Samsung. Ó tó fún ìgbéyàwó kan. Ẹ rántí pé kò sí orí ṣájà nínú páálí ọ̀kankan nínú wọn láti ilé iṣẹ́, nítorí náà “original charger” tí wọ́n bá fi kún un fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fura sí i. Ihò Lightning ni iPhone 13 ní, wáyà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ilé. Ẹ ra méjì, ọ̀kan kó máa gbé inú àpótí iṣẹ́. Samsung ní tiẹ̀ kì í gba 45W àfi kí orí ṣájà ní PPS (ọ̀nà tí ṣájà fi ń ṣe ìwọ̀n iná bí fóònù ṣe fẹ́), kí wáyà sì jẹ́ oní-5A.

Ẹ̀sùn pé Samsung ń gbóná, ó ń hàǹgì, ibi tó ti wá ṣeé tọ́ka sí. S22 Ultra tí wọ́n tà ní Ìlú Ọba àti Yúróòpù ọdún 2022, èròjà Exynos 2200 ló wà nínú rẹ̀, ó sì gbóná lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ irú wọn wà lára tòkunbọ̀ tó ń wọlé. Lórí S23, gbogbo ayé ni Samsung fún ní Snapdragon 8 Gen 2, ìṣòro yẹn sì rọlẹ̀. Nítorí náà ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n jẹ àbúrò níyà. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù lórí Samsung ni skírìnì: ìlà aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ àlùkò tó máa ń ṣàdédé yọ lójú irú skírìnì AMOLED tí wọ́n ń lò, àti pé pípààrọ̀ skírìnì Ultra tó jẹ́ ojúlówó gbówó lórí gan-an.

Lórí síìmù, orílẹ̀-èdè tí fóònù ti wá ló ń sọ ọ́. S23 Ultra tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ SM-S918B ń gba síìmù méjì. Èyí tó jẹ́ SM-S918U, ti Amẹ́ríkà, ẹyọ kan àti eSIM (síìmù tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, tí kò ṣeé yọ) ni. iPhone 13 Pro Max ń gba ẹyọ kan àti eSIM, àfi àwọn tó wá láti China àti Hong Kong tó ń gba méjì. Pixel náà, ẹyọ kan àti eSIM. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi owó kún un kí ẹ gbé iPhone 14, ẹ ṣọ́ra: láti orí 14 ni iPhone Amẹ́ríkà ò ti ní ojú síìmù mọ́. MTN àti Airtel ń ṣe eSIM, ẹ mú NIN yín dání bí ẹ bá fẹ́ gbà á. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí fóònù bá kú lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ò lè yọ eSIM fi sínú fóònù ẹlòmíràn. Ní tèmi, kò yẹ kí síìmù báǹkì yín máa gbé inú fóònù tí gbogbo ọ̀rẹ́ ìyàwó ń gbà wò. Ẹ fi í sínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tó ń gbé ilé. Bí olè bá gbé fóònù ńlá lọ níbi àríyá, OTP ò ní tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ṣe èyí, ọ̀rọ̀ síìmù méjì kúrò lára ohun tó lè dí yín lọ́wọ́.

Ní ti bí wọ́n ṣe máa pẹ́ tó: Google ṣèlérí àtúnṣe ọdún méje fún Pixel 8 Pro, títí di 2030, Samsung ṣèlérí ààbò ọdún márùn-ún fún S23 Ultra, títí di 2028, iPhone 13 gba iOS 26, àtúnṣe ti Apple, ní 2025. Áàpù báǹkì àti WhatsApp máa ń kọ fóònù tí kò bá rí àtúnṣe gbà mọ́, nítorí náà Pixel ló borí lórí ìwé. Àmọ́ orí ìwé nìyẹn. Google kì í ta Pixel ní Nàìjíríà, 5G àti ìpè orí 4G kì í sì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀ níbi tí wọn ò ti ń tà á. Bí skírìnì rẹ̀ bá fọ́ ní Oǹdó, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa dúró de ohun èlò láti Computer Village ní Ìkẹjà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń tún iPhone àti Samsung ṣe kò wọ́n ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó. Fóònù iṣẹ́ tó bá wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe fún ọjọ́ méjì ti gbówó lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ fọ́tò nìkan ni ẹ ń yà, tí ẹ sì ní fóònù kejì, Pixel ni ǹ bá ní kí ẹ gbé.

Ẹ̀yin sọ pé fídíò ló ń mú oníbàárà wá. Nítorí náà, iPhone 13 Pro Max 256GB ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, tí kò ní lock (tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ò fi dè mọ́ síìmù tirẹ̀), tí skírìnì àti kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ èyí tó bá a ti ilé iṣẹ́ wá, tí Battery Health rẹ̀ sì jẹ́ 85% sókè, tàbí kí wọ́n yọ owó bátìrì kúrò nínú iye rẹ̀. Bí ẹ bá rìn yíká tí ẹ ò rí irú ẹ̀, ẹ má fi ìkánjú gbé èyí tó ní àlébù tìtorí orúkọ. Ẹ gbé S23 Ultra SM-S918B tó mọ́, kò ní já yín kulẹ̀. iPhone tí wọ́n ti tú kò dára tó Samsung tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn nínú. Àwọn tó máa ní kí ẹ ra tuntun alábọ́dé bíi Galaxy A56, tó ní gáráńtì, tí Samsung sì ṣèlérí àtúnṣe ọdún mẹ́fà fún, kì í ṣe ọ̀tá yín o. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gba tòkunbọ̀, ibẹ̀ ni kó lọ. Ohun tó máa pàdánù ni kámẹ́rà tó ń sún mọ́ ojú láti ọ̀nà jíjìn, èyí tí ẹ̀yin ń lò fún ojú ìyàwó: lẹ́ǹsì 3x ń jẹ́ kí imú rí bó ṣe rí, lẹ́ǹsì gbígbòòrò ń fẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, yálà ní Àkúrẹ́ tàbí nílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán yín lójú. Ẹ tẹ *#06#, kí nọ́ńbà IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) tó yọ bá ti inú Settings mu, kó sì bá ti ara páálí mu bí páálí bá wà. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, General, About. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Carrier Lock, No SIM restrictions ni kí ẹ rí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fóònù náà ṣì wà ní lock; bó bá sì ń gba síìmù wa, chip ni wọ́n fi ṣí i, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe update, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ Model Number máa ń sọ ìtàn: M ni èyí tí wọ́n tà ní tuntun, F ni èyí tí Apple tún ṣe, N ni èyí tí wọ́n fi pààrọ̀ fún oníbàárà. Bí ẹ bá rí Parts and Service History nísàlẹ̀ pẹ̀lú Unknown Part, ẹnì kan ti pààrọ̀ nǹkan níbẹ̀, ẹ béèrè. Bí True Tone ò bá sí níbi ìmọ́lẹ̀ skírìnì, skírìnì náà kì í ṣe tirẹ̀. Bí Face ID ò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e kalẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń tún ṣe ní wẹ́rẹ́. Battery Health 100% lórí fóònù ọdún 2021 kì í ṣe ìròyìn ayọ̀: yálà wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì, tàbí wọ́n fi ẹ̀rọ yí nọ́ńbà náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí wọ́n pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, nínú Transfer or Reset iPhone. Kó padà sí Hello, ojú ewé tí iPhone tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀, kó má béèrè Apple ID ẹnikẹ́ni, kó má sì kọ Remote Management, torí ìyẹn ń sọ pé fóònù ilé iṣẹ́ kan ni. Lórí Samsung àti Pixel náà, kó má béèrè Google account ẹni tó ti lò ó. Lórí Samsung, *#0*# máa ń ṣí ibi àyẹ̀wò; ẹ wo pupa, ewé àti búlúù bóyá ẹ óò rí òjìji àmì tí kò lọ lójú skírìnì, kí ẹ sì fi kálámù S Pen fa ìlà káàkiri. Kámẹ́rà wá kù: lórí iPhone, ẹ tẹ 0.5x, 1x, 3x, lórí àwọn yòókù, ẹ tẹ gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá rí, ẹ ya fídíò pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwòrán bá ń gbọ̀n jìnnìjìnnì tàbí tí ẹ gbọ́ tó ń kùn, ohun tó ń dá lẹ́ǹsì dúró ti bàjẹ́. Apple fúnra wọn ti kìlọ̀ ní 2021 pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì alùpùpù ń ba èyí jẹ́, nítorí náà ẹ má gbà kí ọlọ́kadà gbé e kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀ láti wo map. Ní ìparí, ẹ fi síìmù yín sí i, ẹ pe èèyàn, ẹ tan hotspot, kí ẹ sì ya 4K fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Fóònù tó bá máa kú lójijì tàbí tó máa gbóná kọjá ààlà, ibẹ̀ ló ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀.

Gbogbo àyẹ̀wò yìí ò lè fi omi tó wọnú rẹ̀ rí hàn, kò sì lè fi bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi òjé jó mọ́ra hàn. Ìdí nìyẹn tí rìsíìtì fi ṣe pàtàkì: kí IMEI wà lórí rẹ̀, ọjọ́, iye, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà, ọjọ́ méje ni kí ẹ du, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ pátápátá, ẹ kọjá síwájú. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé IP68 (àmì pé omi ò ní tètè wọ̀ ọ́) mọ́ lórí tòkunbọ̀, bí wọ́n bá ti ṣí i rí, òjò kan ti tó.

Ẹ má sì ná ₦850,000 tán lórí fóònù. Owó dọ́là ń yí iye wọn padà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, nítorí náà mi ò ní dá iye fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ya nǹkan bíi ₦80,000 sọ́tọ̀ fún iná LED tó ń gba bátìrì, ẹsẹ̀ tí ẹ óò gbé fóònù lé, power bank àti wáyà. Iná funfun tó dára níwájú ìyàwó, kó ga díẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ, máa ṣe fún fídíò yín ju ìyàtọ̀ iPhone 13 sí iPhone 15 lọ. Bí ẹ bá tan iná yẹn, ẹ pa gílóòbù pupa rúsúrúsú inú yàrá, torí bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ méjì bá pàdé lójú èèyàn, kò sí kámẹ́rà tó mọ èyí tó máa gbọ́ràn sí.

Ohun kan ṣì kù tó máa ń pa àwọn tó ń ti Android bọ́ sórí iPhone lára, ìyẹn WhatsApp. Ọ̀nà tí ó fi ń kó ọ̀rọ̀ oníbàárà, àwòrán àti ohùn yín lọ ni áàpù Move to iOS, kì í sì í ṣiṣẹ́ àfi nígbà tí iPhone bá ṣì wà lórí Hello, kí ẹnikẹ́ni tó tò ó. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù “bá yín tò ó.” Bí ẹ bá ti dán an wò tán ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tún pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́ kó padà sí Hello, ẹ gbé e délé bẹ́ẹ̀, ẹ fi àwọn méjèèjì síná, kí wọ́n wà lórí Wi-Fi kan náà tàbí kí Android so mọ́ hotspot iPhone. Ẹ yan WhatsApp nínú Move to iOS, kí ẹ sì fi nọ́ńbà yín àtijọ́ wọlé. Ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àwòrán bá pọ̀. Ẹ má pa fóònù àtijọ́ rẹ́ títí ẹ ó fi ṣí ọ̀rọ̀ oníbàárà mẹ́ta mẹ́rin lórí tuntun, tí ẹ sì rí i pé ohùn àti àwòrán wọn ń ṣí.